Bí Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú Ṣe Dé Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

Láyé ọjọ́un, òbí Ìjẹ̀bú tó bá fẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ kàwé kọjá Standard Six, tó jẹ́ òpin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, Èkó ló sábà máa ń wò. Ibẹ̀ ni C.M.S., ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, dá ilé ẹ̀kọ́ obìnrin sílẹ̀ sí ní 1869, tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá tiwọn ní 1879. Ijebu-Ode Grammar School ti wà láti 1913 o, àmọ́ ọkùnrin ló kún ibẹ̀.

Owó nìkan kọ́ ló dínà. Gààrí Ìjẹ̀bú kì í ṣiṣẹ́ ẹnì kan: wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e, á wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó lè kan dáadáa, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yan án. Ìyá tó rán ọmọ lọ sí Èkó ti pàdánù ọwọ́ méjì, ó tún ń sanwó lé e.

Awókọ̀yà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, lábẹ́ Awólọ́wọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ iléèwé ní Ìwọ̀-Oòrùn fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ náà kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Modern School ọdún mẹ́ta wà, owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Girama gùn jù ú lọ, ó sì wọ́n. Òbí tí agbára rẹ̀ kò ká méjèèjì á fi ọkùnrin sí girama, á fi obìnrin sí Modern School. Ọmọ yẹn lè di olùkọ́ Grade Three, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tó rẹlẹ̀ jù, tàbí atẹ̀wé ọ́fíìsì (táípíìsì). Yunifásítì jìnnà sí i. Ibí gan-an ni ìdíwọ́ náà wà, kì í ṣe pé baba kò fẹ́ràn ọmọbìnrin.

Àwọn girama obìnrin, Anglican Girls', Our Lady of Apostles àti Muslim Girls', ló wá gba àwọn ọmọbìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ nílùú náà, kò fẹ́ kí ìwé sọ ọmọ wọn di Kìrìsìtẹ́nì.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Aṣọ, abẹ́rẹ́ àti àdògán ti tó fún ẹ̀kọ́ ilé títọ́jú. Físíìsì àti kẹ́mísìrì ń fẹ́ omi ẹ̀rọ, gáàsì, kẹ́míkà àti olùkọ́ tó gboyè. Iléèwé tí kò ní láàbù, yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, á dúró lórí bàọ́lọ́jì nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ tó yege níbẹ̀ kò sì lè wọlé ìṣègùn. Ní iléèwé Mayflower, Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, Táí Ṣólàrín àti Sheila ìyàwó rẹ̀ kó takọtabo sí kíláàsì kan, wọ́n sì jọ ń roko.

Gómìnà Bísí Ọnàbánjọ sọ girama di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́yìn 1979. Yíyan láàárín ọkùnrin àti obìnrin wá dẹ̀ díẹ̀. Kíláàsì kún, láàbù kò bá a pọ̀ sí i. Ní 1982, yunifásítì ìpínlẹ̀ dé Àgọ́-Ìwòyè, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde sì lè ti ilé wọkọ̀ lọ.