Kí Ẹ Tó Tú Sípíkà, Ẹ Pààrọ̀ Ọ̀tún sí Òsì

Ọ̀pọ̀ sípíkà àti íápíìsì tí wọ́n ń gbé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mararaba nítòsí Abuja ni kò bàjẹ́ rárá. Wáyà ló já, tàbí ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ ló dọ̀tí, tàbí kí ọmọdé ti tẹ nǹkan lórí fóònù. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i pé ẹnì kan ti tú sípíkà bẹ́ẹ̀, ó ti fi sukudíráfà ya páálí tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀, ó sì ti gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín nílé, láìná kọ́bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá orin tí etí yín mọ̀ dunjú. Orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò wúlò fún èyí, èyí tí wọ́n sì fi fóònù gbà sílẹ̀ níbi àríyá kò yẹ fún un rárá. Orin wa dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Etí ọ̀dọ́ tó yá gágá ń gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz nísàlẹ̀ títí dé nǹkan bí 20,000 Hz lókè. Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gìtá béèsì inú jùjú àti àgídìgbo inú àpàlà wà nísàlẹ̀, ohùn ènìyàn àti gángan wà láàárín, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ń lọ sókè. Bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò bá dún ketekete, ẹ fura sí tweeter, ìyẹn sípíkà kékeré tí ń gbé ohùn òkè. Gángan ni mo fọkàn tán jù. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀ bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́. Sípíkà tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ débi pé ẹ kò mọ oríkì tí ìlù ń kì mọ́, kò dára, bó ti wù kí béèsì rẹ̀ máa mi ilẹ̀ tó. Ẹ má sì jẹ́ kí iye wáàtì gọbọi tí wọ́n kọ sára páálí tí wọ́n fi dì í tàn yín. Bí ẹ bá rí PMPO lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye àbùmọ́ ni, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ RMS sí, ìyẹn agbára tó lè gbé láìdáwọ́dúró, ni kí ẹ wò.

Wàyí o, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá dákẹ́, tàbí tí ohùn rẹ̀ kéré sí ti èkejì, ẹ pa gbogbo rẹ̀, nítorí wáyà méjì tó bá kanra nígbà tí amplifier (ẹ̀rọ tí ń mú ohùn lágbára fún sípíkà) wà ní títàn lè jó o. Ẹ yọ wáyà ọ̀tún lẹ́yìn amplifier, ẹ fi sí ojú òsì, kí ẹ fi ti òsì sí ojú ọ̀tún, kí ẹ tún tan án. Bí ìdákẹ́ náà bá ṣí lọ sí ara sípíkà kejì, sípíkà kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Amplifier lẹ́jọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí fóònù, tàbí orin fúnra rẹ̀. Bó bá dúró sára sípíkà kan náà, ó ku sípíkà yẹn àti wáyà tó lọ síbẹ̀. Ẹ wá pààrọ̀ wáyà nìkan, ẹ ó mọ èyí tó jẹ̀bi. Ti fóònù náà rọrùn: lábẹ́ Accessibility nínú Settings, ilà kan wà níbẹ̀ tó ń pín ohùn sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ rí i pé àmì orí rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn.

Àìsàn kan wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ ní Nyanya mú íápíìsì wá, ó ní, “Ọmọ mi, akọrin ò kọrin mọ́ o, ìlù nìkan ni mò ń gbọ́.” Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Wáyà ọ̀tún wà nínú íápíìsì, wáyà òsì wà, ọ̀kan sì wà tí àwọn méjèèjì jọ ń gbà padà. Bí èyí tí wọ́n jọ ń lò bá já, tàbí tí ẹnu íápíìsì kò wọlé dópin, ohùn tó bá dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì á pa ara wọn rẹ́, èyí tó yàtọ̀ nìkan ló máa kù. Àárín ni wọ́n sì sábà máa ń fi akọrin sí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe orin, ìdí nìyẹn tí òun fi ń pòórá tí gìtá àti ìlù ẹ̀gbẹ́ ṣì ń dún. Ti ìyá náà, èérí àpò aṣọ ló dí ihò fóònù. Ẹ pa fóònù, ẹ fi igi ìtayín rọra gbẹ́ ẹ jáde. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kàn án. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe tẹ wáyà nídìí ẹnu rẹ̀ lohùn padà, wáyà ló já nínú, ẹnu tuntun ló nílò.

Béèsì tó bá sá lọ lójijì lẹ́yìn tí ẹ kó lọ sílé tuntun, ẹ wo pupa àti dúdú lẹ́yìn sípíkà. Bí ti ọ̀kan bá yí padà, bí èyí ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú lèkejì ń fà á sẹ́yìn, béèsì á sì sọnù láàárín wọn. Fún sípíkà ńlá tí kò sí amplifier nínú rẹ̀, ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ fi bátìrì 1.5 V kan ojú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ + sí pupa, kí ẹ sì tètè mú un kúrò. Ó yẹ kó dún “gbù” kí páálí rẹ̀ sì fò síta. Bí kò bá dún rárá, kọ́ìlì (wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé sí ìdí páálí) ti jó tàbí wáyà inú ti já. Ẹni tó bá ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, kó má bẹ̀rù bí sípíkà 8 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà) bá fi nǹkan bí 6 hàn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọ̀tá ńlá ni eruku ọyẹ́ ilẹ̀ Hausa. Ó ń wọ àárín kọ́ìlì àti mágínẹ́ẹ̀tì, oòrùn àti ọjọ́ pípẹ́ á sì jẹ fóòmù etí woofer, ìyẹn sípíkà ńlá tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, títí yóò fi máa rún sílẹ̀. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì rọra tẹ páálí náà wọlé lọ́gbọọgba. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ha, kọ́ìlì ti ń fara nu irin. Bó bá jẹ́ fóòmù nìkan ló rún, ẹ má ra woofer tuntun. Fóòmù yẹn nìkan ni a máa ń pààrọ̀. Ẹ fi aṣọ bo sípíkà nígbà tí ẹ kò bá lò ó.

Bó bá ń kùn “hùùù”, ẹ wo irú iná tí ẹ ń lò. Bó bá ń kùn lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter olówó pọ́ọ́kú, tí kì í kùn lórí iná ìjọba, ẹ̀yin náà ti mọ ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ so dikódà mọ́ ọn ló bẹ̀rẹ̀, ẹ ki gbogbo wọn sí ojú ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo. Bí ẹ bá yọ gbogbo wáyà orin tó ṣì ń kùn, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u fúnra yín, nítorí iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Nígbà tí iná bá sì kéré púpọ̀ sí 230 V tó yẹ kó wà, ẹ dín ohùn kù. Amplifier tí iná kò tó tètè máa ń fọ́ ohùn, ohùn tó fọ́ ló sì ń pa tweeter.

Ẹni tó ń lo Bluetooth, bí orin bá ṣàdédé dà bíi ti ìpè fóònù, ẹ wò ó bóyá áàpù kan ń lo gbohùngbohùn (máìkì) íápíìsì yín. Ẹ pa á, orin á bọ̀ sípò.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí etí òsì bá ṣì ń gbọ́ díẹ̀, ẹ yí íápíìsì náà padà, kí ti ọ̀tún wọ òsì. Bó bá jẹ́ etí òsì kan náà ni kò gbọ́ dáadáa, kì í ṣe íápíìsì mọ́, etí ni. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àgbàlagbà ni pé kí ohùn má ju 80 decibel (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe pọ̀ tó) lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń kọjá ibẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárín Mararaba sí Wuse, nítorí a fẹ́ kí orin borí ariwo ọ̀nà. Ẹ má ki òwú tàbí igi bọ etí. Ẹ lọ rí dókítà etí. Bó bá jẹ́ pé ẹ jí láàárọ̀ tí etí kan ti dí lójijì, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.