Síkáànì eyín àtọwọ́dá fún àwọn àgbà ilé ìtọ́jú: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tó ti ń bàjẹ́

Síkáànì eyín àtọwọ́dá ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ oníná ya àwòrán gbogbo ara eyín tí àgbàlagbà ń wọ̀, níta ẹnu wọn, kí wọ́n sì tọ́jú àwòrán náà sí kọ̀ǹpútà. Bí eyín bá sọnù tàbí tó fọ́, inú fáìlì yẹn ni wọ́n á ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Britain, àwọn ló sì ń yọ eyín yìí lálaalẹ́ tí wọ́n ń dá a padà láàárọ̀. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọ̀nà tí eyín ń gbà sọnù kò fara sin. Ìyá á yọ ọ́ nídìí oúnjẹ, wọ́n á fi tíṣù wé e, ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ á kó o dà nù pẹ̀lú àjẹkù. Tàbí kó há sínú ìrọ̀rí, kó bá aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ síbi ìfọṣọ. Tàbí kí wọ́n gbé bàbá lọ sí ọsibítù: bàbá padà, eyín ò padà.

Láti ṣe òmíràn lọ́nà àtijọ́, ó sábà máa ń tó ìgbà márùn-ún tí wọ́n á rí dókítà eyín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á ki èròjà rírọ̀ sí wọn lẹ́nu láti wọ̀n ọ́n, wọ́n á wọn bí òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe ń pàdé, wọ́n á fi eyín orí ìda dán an wò, kí wọ́n tó gbé e wọ̀ wọ́n. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà kì í sábà fara da gbogbo èyí. Bó tiẹ̀ wá parí, ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti mọ eyín àtijọ́ lára. Bí ìrísí tuntun bá yàtọ̀, wọ́n lè máa tu ú jáde ṣáá. Fún irú wọn, ẹ̀dà èyí tó ti mọ́ wọn lára sàn ju eyín tuntun tó rẹwà lọ.

Ìmọ́tótó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ tí kò le fọ eyín náà lórí abọ́ tí omi wà nínú rẹ̀, kó má bàa fọ́ bó bá já bọ́. Ẹ má lo omi gbígbóná, ó ń sọ ike náà di wíwọ́. Jẹ́lì tí wọ́n fi ń lẹ eyín mọ́ erìgì gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá, nítorí ẹ̀rọ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín jẹ́lì àti ike. Lẹ́yìn oògùn apakòkòrò, ẹ nù ún gbẹ: ibi tí omi bá wà á máa dán, ìmọ́lẹ̀ á ta padà, ihò á sì wà nínú àwòrán.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni síkáànì eyín kan ń gbà. Ẹ̀rọ ń ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán kéékèèké, kọ̀ǹpútà ń wá ibi tí ọ̀kan ti jọ èkejì kó lè so wọ́n pọ̀. Etí eyín ni wàhálà wà, torí ó tín-ín-rín. Bí ẹ̀rọ bá fò láti ojú òde bọ́ sí ojú inú tó ń jókòó lórí erìgì, kọ̀ǹpútà ò ní rí ohun tó máa fi so ojú méjèèjì, eyín á wá nípọn tàbí fẹ́lẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ńṣe ni kí ọwọ́ yí díẹ̀díẹ̀ gba orí etí náà, níbi tó bá nípọn jù lọ. Eyín ìsàlẹ̀ ló ń yọni lẹ́nu jù. Ó rí bí pátákò ẹṣin, kò ní àjà tó so ọ̀tún mọ́ òsì, àṣìṣe kékeré á sì máa pọ̀ sí i láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

Kí eyín tó padà sẹ́nu, ẹ ní kí wọ́n yí àwòrán náà ká lójú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà lè fúnra rẹ̀ dí ihò tó bá rí, ṣùgbọ́n ìméfò ló fi ń dí i. Bó bá jẹ́ ojú tó ń jókòó lórí erìgì ló dí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni egbò máa wà lẹ́nu ìyá.

Ó ku bí òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe ń pàdé. Bàbá á wọ méjèèjì, wọ́n á deyín pọ̀, wọ́n á sì ya ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Bí wọn ò bá gbà, a lè fọwọ́ pa eyín méjèèjì pọ̀ níta ẹnu, bí lílò ò bá tíì sọ orí wọn di pẹrẹsẹ.

Fáìlì STL, ìyẹn fáìlì tó ń gbé ìrísí nǹkan láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, ló sábà máa ń jáde. Wọ́n lè fi gbẹ́ eyín láti ara ike líle, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D, tó ń to ike ní ìpele-ìpele, tẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀ àti eyín funfun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀, wọ́n á fi ọtí alcohol tí wọ́n fi ń fọ nǹkan ṣan án, wọ́n á sì fi ìmọ́lẹ̀ UV mú un gan. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá pé, èròjà tí kò gan lè máa ta wọ́n lẹ́nu.

Síkáànì ò tún nǹkan ṣe o. Eyín tó ti ń yẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀dà rẹ̀ náà á máa yẹ̀, torí egungun abẹ́ erìgì ń joro lọ́dọọdún lẹ́yìn tí eyín gidi bá ti kúrò. Nírú èyí, dókítà á kọ́kọ́ fi èròjà rírọ̀ sí ojú inú eyín náà, wọ́n á fi wọn ẹnu, ìyẹn ni wọ́n á síkáànì. Bí àjà ẹnu bá pọ́n, àrùn olú (fungus) lè wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí tuntun tó wọlé. Bí eyín gidi bá ṣì kù lẹ́nu, síkáànì eyín àtọwọ́dá nìkan ò tó, wọ́n ní láti ya inú ẹnu náà. Ìkọ́ irin tó ń so eyín àtọwọ́dá mọ́ eyín gidi kò sì ní jáde láti inú ẹ̀rọ tó ń tẹ ike.

Ìlànà NG48 tí NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú ìlera kalẹ̀ ní England, gbé jáde lọ́dún 2016 ní kí wọ́n yẹ ẹnu ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìtọ́jú wò. Lójú tiwa, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n ṣe síkáànì, nígbà tí eyín ṣì wà lọ́wọ́ tó sì ń bá wọn lẹ́nu mu. Ẹ gba ìyọ̀ǹda àgbàlagbà náà. Bí wọn ò bá lè pinnu fúnra wọn, òfin Mental Capacity Act 2005 ni wọ́n ń tẹ̀ lé ní England àti Wales. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú wọn pé síkáànì wà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ilé ìwòsàn eyín tí fáìlì náà wà. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi orúkọ àgbàlagbà náà sínú fáìlì náà, kí ẹ̀dà tó bá jáde ti ní orúkọ lára.