Iowa: Níbo ni ojú irin wọn wọlẹ̀ sí?

Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ Iowa ti nǹkan bí ọdún 1914, á rò pé aláǹtakùn ló ta òwú bò ó. Ìpínlẹ̀ yìí, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ní ojú irin tó lé ní 10,000 máìlì nígbà náà. Lónìí, kò tó 4,000 mọ́.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń fi gbogbo ojú irin yẹn ṣe ní ilẹ̀ oko?

Ìdáhùn: Oko yẹn gan-an ló fà á. Àgbàdo àti ẹlẹ́dẹ̀ ni ọrọ̀ Iowa, Chicago sì lọjà wọn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni àgbẹ̀ fi ń kó ẹrù. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á gbé e mì. Ìlú tí rélùwéè kò bá yà sí, ọjà ibẹ̀ á tú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlú fi ń dáwó fún àwọn tó ń la ojú irin. Ní 1856, ìjọba àpapọ̀ tún fi ilẹ̀ ta Iowa lọ́rẹ kí wọ́n lè rówó ṣe é.

Ẹ wo ti Iowa City. Wọ́n ṣèlérí 50,000 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ rélùwéè Mississippi and Missouri bí ọkọ̀ bá wọ̀lú kí ọdún 1855 tó parí. Alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, òtútù mú títí ẹ̀rọ fi dì gbagidi nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìdíkọ̀. Àwọn ará ìlú jáde, wọ́n kún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì fi agbára ọwọ́ gbé e wọlé. Mi ò lè rántí ìtàn yìí kí n má ronú kan àtẹ́lẹwọ́ wọn lára irin tútù yẹn.

Ìbéèrè: Kí ló wá bà á jẹ́?

Ìdáhùn: Àpọ̀jù ni àkọ́kọ́. Chicago and North Western, Rock Island, Burlington, Milwaukee Road àti Illinois Central, ilé-iṣẹ́ rélùwéè ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń gba Iowa kọjá sí Council Bluffs ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, tí wọ́n ń du ẹrù kan náà. Nígbà tí ọ̀nà ọlọ́dà dé, tírélà gba èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wágọ́ọ̀nù ọkà náà tún ń tóbi sí i, ó di èyí tó ń gbé 100 tọ́ọ̀nù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní àwọn ẹ̀ka ojú irin kò sì lè gbà á.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìjọba. Láìgba àṣẹ, ilé-iṣẹ́ kò lè yí owó ẹrù padà, kò sì lè ti ẹ̀ka tó ń jẹ ẹ́ lówó pa. Ní 1964 ni Rock Island àti Union Pacific, ilé-iṣẹ́ rélùwéè mìíràn, lọ tọrọ àyè láti darapọ̀. Ọdún 1974 ni èsì tó jáde! Rock Island kò lókun mọ́ nígbà náà. Gbèsè dá a wó ní 1975, iṣẹ́ sì dúró pátápátá ní ìparí oṣù kẹta 1980.

Ìbéèrè: Àwọn wo ni wọ́n wá ń pè ní rélùwéè àgbègbè?

Ìdáhùn: Àwọn ni kò tó ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, tí wọ́n sì ju ti ìlú kan lọ. Òfin Staggers, tó dín agbára ìjọba lórí rélùwéè kù, tí Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí ní 1980, ló tú okùn ọrùn wọn. Ní 1984, Iowa Interstate bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ojú irin Rock Island, láti Council Bluffs lọ sí Illinois. Àwọn oníbàárà tó ní ẹrù láti kó ló fi owó jọ ra ojú irin náà, ìpínlẹ̀ sì yá wọn lówó. Iowa Northern náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, láàárín Cedar Rapids àti Manly. Irú wọn á yà síbi àká ọkà kan ṣoṣo, wọn á gbé wágọ́ọ̀nù bíi mélòó kan, wọn á lọ fà á lé àwọn ńláńlá lọ́wọ́. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù, epo ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe, náà wà lára ẹrù wọn.

Ìbéèrè: Ṣé èèyàn lè wọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Rárá, ẹrù ni. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè Amtrak ló ń kó èrò, ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Des Moines tó jẹ́ olú ìlú kò rí i.

Ìbéèrè: Ibi tí wọ́n ti tú irin ńkọ́?

Ìdáhùn: Òmíràn ti padà di oko àgbàdo. Òmíràn di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Nítòsí ìlú Madrid, wọ́n tẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ sórí àwọn òpó gíga tí rélùwéè fi sílẹ̀ nínú àfonífojì odò Des Moines, wọ́n sì ṣí i ní 2011. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iná búlúù á tàn lára àwọn irin onígun mẹ́rin tó yí ọ̀nà náà ká, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á sì máa gba inú rẹ̀ kọjá.