Idà Títọ́ ti Ṣáínà Kì í Ṣe Ara Kendo

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ìjà idà àwọn ará Éṣíà ló gbà pé jian, ìyẹn idà títọ́ olójú méjì ti Ṣáínà, wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni nínú ìlànà ìjà ti Japan, àti pé ẹni tó bá ti mọ katana, ìyẹn idà àwọn ará Japan, lò kò ní í ṣe wàhálà kó tó mọ jian lò. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti mọ ibi tó ti wá. Àmì ìkọ̀wé tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní jian gan-an ni àwọn ará Japan ń pè ní ken, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ kendo, ìyẹn eré ìjà idà ti Japan. Orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́. Idà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Katana, tó tẹ̀ díẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan, ni kendo àti iaido, ìyẹn ìlànà yíyọ idà látinú àkọ̀ àti lílò ó, dúró lé lórí. Kódà shinai tí wọ́n fi ń ṣe kendo, èyí tó jẹ́ pẹlẹbẹ ọparun mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀, tọ́ bíi jian, síbẹ̀ katana ló dúró fún. Okùn kan nà lórí rẹ̀ láti fi ibi tí ẹ̀yìn idà wà hàn, bí ẹnì kan bá sì fi ẹ̀gbẹ́ okùn yẹn lu alátakò rẹ̀, wọn kò ní kà á fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù ni ìgbà tí oníiaido bá ń dá idà padà sínú àkọ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ á di ẹnu àkọ̀ mú, á wá máa fa ẹ̀yìn idà gba àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, títí ṣóńṣó rẹ̀ yóò fi bọ́ sínú àkọ̀. Ọwọ́ kò ní ṣẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀yìn katana kú bí ẹ̀yìn àdá. Ẹni tó bá dán èyí wò pẹ̀lú jian tó mú yóò ya ara rẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ìkẹsàn-án lára ìlànà 12 tí ọ̀pọ̀ oníiaido jọ ń kọ́, àtẹ́lẹwọ́ òsì ni wọ́n ń gbé lé ẹ̀yìn idà kí wọ́n tó fi gún alátakò. Ìyẹn náà kò ṣeé ṣe lórí idà olójú méjì. Ọwọ́ kan ni wọ́n sábà máa ń fi lo jian, ọrùn ọwọ́ ló ń darí rẹ̀, ìka méjì ọwọ́ kejì á sì nà ṣánṣán.

N kò sọ pé Japan kò ní irú idà bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n hú ọ̀kan jáde nínú òkìtì ibojì Inariyama ní Saitama lọ́dún 1968, nígbà tó sì di 1978, ẹ̀rọ X-ray fi àmì ìkọ̀wé 115 tí wọ́n fi wúrà tẹ̀ sára rẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọdún 471 ni wọ́n kọ ọ́. Àmọ́ nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ idà tó ṣì wà lónìí fi bẹ̀rẹ̀, idà tó tẹ̀ ti gbapò rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Lóòótọ́, àwọn kan ń kọ́ jian ní Japan lónìí, ṣùgbọ́n ìlànà taijiquan ti Ṣáínà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tai chi, ni wọ́n ń bá lọ, irú bí ìlànà idà onígbésẹ̀ 32 tí wọ́n tò ní Ṣáínà lọ́dún 1957. Olùkọ́ kan lè mọ méjèèjì lóòótọ́. Bí olùkọ́ katana bá mú jian jáde, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi í léèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọ́ ọ, kó sì wò ó bóyá ibi tí ọwọ́ òsì yóò wà ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò fi hàn án.