Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran

Òkun gbogbo ilé o. Ìyá kan tó ń ta gààrí lọ́jà Kabba wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sẹ̀ tó kọjá láti gba fídíò ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀, bó ṣe jókòó báyìí ló ní, "Bọ̀dá ẹlẹ́dítì, mo wo fíìmù kan lálẹ́ àná, mo sunkún títí ojú mi fi wú, àmọ́ nígbà tó parí inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, àfi bíi pé ẹnì kan fọgbọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Kí ló fà á?" Ọdún 16 rèé tí mo ti ń gé àwòrán tí mo ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo mọ ohun tí màmá ń sọ, àmọ́ kọ́sítọ́mà pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò ráyè dá a lóhùn bó ṣe yẹ.

Màmá, kò sí fíìmù tí kì í fọwọ́ kan ọkàn èèyàn, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ní Rọ́ṣíà, lẹ́yìn ìdìtẹ̀ ọdún 1917, ẹnì kan wà tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ fíìmù, Lev Kuleshov. Bí Pudovkin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ṣe kọ ọ́, wọ́n mú àwòrán ojú òṣèré kan, Mosjoukine, ojú tó kàn dákẹ́ lásán, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán àwo ọbẹ̀, wọ́n tún mú ojú kan náà lẹ̀ mọ́ òkú obìnrin nínú pósí, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọdébìnrin tó ń ṣeré. Àwọn tó wò ó yin ọkùnrin yẹn gan-an, wọ́n ní ẹ wo bó ṣe ronú jinlẹ̀ títí tó fi gbàgbé ọbẹ̀, ẹ wo bí ọ̀fọ̀ ṣe bò ó mọ́lẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sọ́mọ. Ojú kan ṣoṣo ni o. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló ń yí padà.

Èmi náà ti ṣe é rí. Níbi ìsìnkú bàbá kan, àkọ́bí ọkùnrin dúró gbọn-in, ibi tí àwọn olóúnjẹ ti ń bu ìrẹsì ló ń wò, mo mọ̀ torí èmi ni mo di kámẹ́rà mú. Nígbà tí mo dé ìdí kọ̀ǹpútà mo lẹ ojú yẹn mọ́ ibi tí pósí ti ń wọlẹ̀, gbogbo ẹbí bú sẹ́kún nígbà tí wọ́n wò ó, wọ́n ní ẹ wo bí àkọ́bí ṣe gbé e sínú. Ṣé irọ́ ni mo pa? Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Ọ̀fọ̀ ń jẹ ọkùnrin yẹn lọ́kàn lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ méjì la fi jọ ṣètò ìsìnkú yẹn, ọjọ́ mìíràn wà tí ohùn ẹ̀ máa ń há sọ́nà ọ̀fun. Òótọ́ ni àwòrán náà sọ nípa ẹ̀, wákàtí tó ti sọ ọ́ ló yàtọ̀. Àmọ́ ká ní ọmọ tí kò bìkítà ni, tí mo wá fi gígé sọ ọ́ di olọ́fọ̀ níwájú ẹbí, jìbìtì ni mo ṣe yẹn.

Ibi tí jìbìtì ti pọ̀ jù nínú fíìmù tiwa ni orin. Ìyá kan wà ní kíṣìnnì, ó ń gúnyán, fóònù dún. Kò tíì gbé e tí kíbọ́ọ̀dù ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lábẹ́lẹ̀. Ó gbé e, kámẹ́rà ń sún mọ́ ojú ẹ̀, fóònù já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní sílò, ìyẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi pé nínú àlá, ó ké "háà!", igbe náà wá tún ara ẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹta bíi pé inú kànga ló wà. Gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà léraléra, kò sẹ́ni tó fi àyè sílẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ fúnra yín mọ̀ ọ́n lára pé ọmọ obìnrin yìí ti kú. Omijé á wá ṣá, torí ara èèyàn máa ń dáhùn sí ohùn ẹkún, ẹ rí i bí ọmọ jòjòló ṣe máa ń sunkún tó bá ti gbọ́ ẹkún ọmọ jòjòló mìíràn. Ara yín ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọn ò kọbi ara sí ọkàn yín, ọkàn sì mọ̀. Ohun tó bí màmá nínú nìyẹn.

Mi ò sọ pé orin burú o. Nígbà tí Alfred Hitchcock, adarí fíìmù, ń ṣe fíìmù Psycho tó jáde lọ́dún 1960, kò fẹ́ orin kankan níbi tí wọ́n ti gún obìnrin kan pa nínú balùwẹ̀. Bernard Herrmann tó ń bá a ṣe orin kọ ọ́ síbẹ̀, ohun èlò olókùn nìkan ló lò, wọ́n ń ké ṣóńṣó bí ọ̀bẹ, Hitchcock gbọ́ ọ, ó gbà. Ọkùnrin kan náà ló ṣe The Birds lọ́dún 1963 tí kò sí orin abẹ́lẹ̀ ńbẹ̀, ariwo ẹyẹ àti ìdákẹ́jẹ́ ló fi ń dẹ́rù bani. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ yín jẹ, ẹ pa ohùn fíìmù yẹn, kẹ́ ẹ tún ibẹ̀ wò. Tí ojú àti ọwọ́ àwọn òṣèré yẹn kò bá sọ nǹkan kan fún yín mọ́, orin ló pa yín lẹ́kún, ìtàn yẹn ò ṣe nǹkan kan.

Kámẹ́rà pàápàá lè ṣẹ̀. Ní 1960 kan náà, Gillo Pontecorvo ará Ítálì gbé fíìmù Kapò jáde, ìtàn àgọ́ tí àwọn Násì, ìjọba Hitler ní Jámánì, ń kó èèyàn sí. Obìnrin kan níbẹ̀ fi ara ẹ̀ lu wáyà iná, ó kú síbẹ̀. Ìyẹn tó, àbí? Kámẹ́rà tún rìn sún mọ́ òkú náà, ó tò ó dáadáa sínú àwòrán kó lè dùn ún wò. Jacques Rivette, alárìíwísí fíìmù, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Cahiers du cinéma ní Faransé lọ́dún 1961 pé ẹni tó bá lè pinnu láti rin kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹ̀gàn ló tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn le, àmọ́ mo gbà á, torí èmi náà ti ṣe é. Níbi àìsùn òkú kan ní Iyara, opó ń sunkún, mo fi súùmù wọ ojú ẹ̀ títí omijé fi kún gbogbo àwòrán, inú mi ń dùn pé mo rí i mú. Obìnrin yẹn gbójú sókè, ó wo kámẹ́rà, ó wá fa gèlè ẹ̀ sílẹ̀ bo ojú. Mo gé ibẹ̀ kúrò, àmọ́ mo ṣì ń rí gèlè yẹn.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tí mò ń lé kiri nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá wọ́n pè mí sí Bunu, ìsìnkú bàbá àgbàlagbà kan. Ẹ mọ aṣọ ipò, aṣọ pupa Bunu, ti ìsìnkú àgbà. Mo gbé kámẹ́rà lé tírípọ́ọ̀dù, mi ò súùmù, mi ò mì ín, mo kàn dojú ẹ̀ kọ ọwọ́ ìyá àgbà tó ń ká aṣọ náà lẹ́yìn tí àlejò ti lọ, ó ká a, kò gún, ó tú u, ó tún un ká. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọmọ ẹ̀ tó wá láti Àbújá ní kí n forin sí i, kí n fi sí sílò, pé àwọn ará wa tó wà lókè òkun máa fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká fi han ìyá àgbà náà ná. A gbé láptọ́ọ̀pù síwájú wọn ní pálọ̀, atẹ́gùn àti àkùkọ kan nìkan ló ń dún ńbẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti tú aṣọ náà, omi ti ń dà lójú wọn, wọ́n wá fi ìka kan ojú gíláàsì, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, etí aṣọ ti ń tú níbẹ̀ yẹn. Mo sọ fún bàbá pé màá bá wọn rán an."