Kóńgò, ṣíbí àti sikéèlì: bí wọ́n ṣe ń wọn oúnjẹ nílé

Ẹni tó bá ti ra gààrí ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ rí á mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ. Ìyá kan á bù ú kó ga bí òkè Ìdànrè, ẹlòmíì á fọwọ́ gbá orí ẹ̀ dànù, ti ẹlòmíì sì rèé, wọ́n ti lu ìdí kóńgò wọnú, ó kún lójú lóòótọ́ ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ dà á sínú ike ẹ máa mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Irú magomágo yẹn wà ní kíṣìnì náà, àfi pé ara ẹni lèèyàn ń ṣe é sí.

Ohun tó fà á ni pé kóńgò, dẹ̀ríkà, agolo mílíìkì, ṣíbí, gbogbo wọn, àyè ni wọ́n ń wọ̀n, wọn ò mọ bí nǹkan ṣe wúwo tó. Omi ò níṣòro, mìlílítà kan omi, gíráàmù kan ni. Àmọ́ ẹ bu èlùbọ́ kún ife, kẹ́ ẹ gbọn ife yẹn mọ́ tábìlì bí ẹ̀ẹ̀mẹta, á wálẹ̀, àyè á sì wà fún òmíì. Ife kan náà ni o, èlùbọ́ inú ẹ̀ ló ti yàtọ̀.

Ìdí nìyẹn táwọn tó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń jẹ gan-an, bí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, fi ń lo sikéèlì kékeré oníbátìrì. Ẹ gbé àwo òfìfo lé e lórí, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà sí òdo, á gbàgbé àwo, ohun tẹ́ ẹ bá dà sí i nìkan ló máa kà. Orí ibi tó le tó sì tẹ́jú ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí aṣọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń parọ́, ẹ da omi ike 50cl sínú ife tẹ́ ẹ ti sọ di òdo, kó sún mọ́ 500. Ẹ má lo píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá wọn kì í kún dọ́gba.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù ni omi inú oúnjẹ. Ìrẹsì tí ò tíì wọ ìkòkò, 100 gíráàmù ẹ̀ ní nǹkan bíi 360 kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Tó bá jinná, omi tó mu á sọ ọ́ di bíi 250 sí 300 gíráàmù, kálórì ò sì lé kan, torí náà 100 gíráàmù èyí tó jinná ò ju bíi 130 lọ. Ẹni tó bá wọn èyí tó jinná tó wá fi nọ́ńbà ti gbígbẹ ṣírò ẹ̀, á rò pé òun ti jẹ ìlọ́po mẹ́ta, ebi á wá máa pa á lásán.

Ẹ̀bà tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bà líle àti èyí tó rọ̀, kí wọ́n tóbi bí ìkúùkù kan náà, gààrí inú wọn ò lè dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni púpurú àti láfún. Nígbà tó ṣì gbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ìyán ní tiẹ̀, ẹlẹ́tàn ni: iṣu tó kún àwo bàmù, tẹ́ ẹ bá gún un tán á kéré lójú bíi pé ẹnì kan ti jẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àyè tó wà láàárín iṣu ló lọ, iṣu ò lọ síbì kankan. (Ará Oǹdó tó bá ní ìyán kékeré lòun jẹ, ẹ bi í pé iṣu mélòó ni.)

Tó bá jẹ́ ìkòkò kan fún gbogbo ilé ńkọ́? Ẹ ti wọn ìkòkò òfìfo sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbì kan. Ká ní ó jẹ́ 900 gíráàmù, ẹ se 800 gíráàmù ìrẹsì, nígbà tó jinná gbogbo ẹ̀ wá di 3,300. Ẹ yọ ìkòkò kúrò, ó ku 2,400. Èèyàn mẹ́jọ, 300 gíráàmù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, 100 gíráàmù ìrẹsì gbígbẹ ló sì wà nínú ẹ̀. Ẹ fi pákó sábẹ́ ìkòkò gbígbóná kí ike sikéèlì má baà yọ́, ọ̀pọ̀ sikéèlì ilé ò sì gbà ju kílò márùn-ún lọ.

Epo ni wọn kì í wọ̀n rárá, òun gan-an ló sì yẹ kí wọ́n máa wọ̀n. Ṣíbí ńlá kan, ìyẹn 15 mìlílítà, ti tó bíi 120 kálórì, ẹni tó ń dà á látinú kẹ́ẹ̀gì ò lè mọ mélòó ló wọlé. Ẹ wọn ike epo kẹ́ ẹ tó dà á, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, ohun tó dín ló wà nínú ọbẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tí epo pupa bá dì, ṣíbí tó ga lórí ti ju ṣíbí kan lọ o.

Kò sì pọn dandan kí sikéèlì wà lórí tábìlì lójoojúmọ́. Ẹ wọn 300 gíráàmù ìrẹsì sínú àwo tẹ́ ẹ fi ń jẹun, ẹ wo ibi tó dé, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bù ú dé. Ọjọ́ táwọn ọmọ bá fọ́ àwo yẹn lẹ máa tún sikéèlì gbé jáde.