Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ kọ́ ni líìgì ń béèrè

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ mẹ́rin ló gbé ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́yà mi l'Ádó-Èkìtì. Wọ́n fẹ́ wọ líìgì géèmù orí kọ̀ǹpútà, líìgì ní kí wọ́n mú ẹ̀rí ibi tí wọ́n ń gbé wá, wọ́n bá gba ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Ọ̀kan tilẹ̀ mú ìwé ìbí bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ló wà lára rẹ̀, torí ọdún 1996 ni Èkìtì tó dá dúró.

Ẹ̀yin ọmọ, ilé bàbá yín ni ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ń sọ. Ibi tí ẹ ń sùn ni líìgì ń béèrè. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún mẹ́rin, àlejò ni nínú líìgì ẹkùn tiwa. Ọmọ Tógò tó ń gbé Bàsírì níhìn-ín l'Ádó láti ìgbà yẹn lè jẹ́ ará ilé níbẹ̀. Ó dun ọ̀pọ̀ òbí bí mo bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí òfin irú àwọn líìgì bẹ́ẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Òfin yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 2014, ẹgbẹ́ LMQ kó àwọn ọmọ Ṣáínà lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n wọ líìgì League of Legends, géèmù orí kọ̀ǹpútà kan, ti ibẹ̀, wọ́n sì ṣojú Àríwá Amẹ́ríkà níbi ìdíje àgbáyé ọdún náà. Lọ́dún yẹn kan náà ni Riot Games, tó ni géèmù náà, kéde pé láti 2015, nínú àwọn márùn-ún tí ẹgbẹ́ bá fi bẹ̀rẹ̀ eré, àlejò kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Nígbà tó yá, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń mọ ará ilé padà: kì í ṣe iye ọdún tó o ti ń gbé níbẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́, bí kò ṣe iye àsìkò ìdíje tó o ti gbá nínú líìgì ibẹ̀. Torí náà, ẹ ka ìwé òfin líìgì tí ẹ fẹ́ wọ̀ gan-an. Ti ọ̀rẹ́ yín ní líìgì mìíràn kò kàn yín.

Ohun tó ń fún mi ní iṣẹ́ jù ni ẹ̀rí. Ìwé tó jáde lásìkò tirẹ̀ ni ẹ̀rí. Bébà iná kì í sábà ran ayálégbé lọ́wọ́, orúkọ onílé ló máa ń wà lára rẹ̀, àwọn tó ń lo mítà káàdì kò tilẹ̀ ní bébà kankan. Ìwé àdéhùn ilé tí ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí ẹ wọlé dára. Sítétímẹ́ǹtì báńkì tí àdírẹ́sì yín wà lórí rẹ̀ dára. Rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́ dára gan-an, nítorí òǹtẹ̀ àti ọjọ́ wà lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè ní ẹ lọ kọ ọ́ lánàá.

Ẹni tó bá sọ pé VPN, ètò orí ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ènìyàn wà pamọ́, yóò gbé yín dé Adó, irọ́ ló ń pa. VPN lè yí àdírẹ́sì tí sáfà, ẹ̀rọ tó gbé géèmù náà ró, ń rí, ṣùgbọ́n kò lè mú ibi tí ẹ jókòó sí sún mọ́ ọn. Ẹni tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tó ní Adó lòun wà, ìdádúró orí ẹ̀rọ rẹ̀ lè mú kí wọ́n fura sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fọ́ọ̀mù lọ sórí òkè àdúrà, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì mú rìsíìtì wá.

Àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì kóòtù tó ń ta ìwé ìbúra fún àwọn ọmọ yìí ló ń bí mi nínú jù. Ìbúra èké lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì ń tà á bí ẹni ń ta búrẹ́dì.

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá láti Ìjerò. "Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, wọ́n ti yọ ọ́ nínú líìgì." Mo ní kí wọ́n jókòó. Ó kó rìsíìtì owó ilé mẹ́ta sílẹ̀, ti yàrá kan ní Ajílósùn: 2021, 2022, 2023. Mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo wo nọ́ńbà tó wà lókè wọn. 041. 042. 043. Onílé tó ní yàrá mẹ́jọ, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ọdún méjì? Báírò kan náà, ọwọ́ kan náà, lẹ́tà "j" kan náà tí ìrù rẹ̀ yí sí òsì.

"Màámi, ta ló kọ èyí?"

Ìyá wo ọmọ. Ọmọ wolẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́nu géètì kóòtù ló gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ wọn, ó kọ rìsíìtì, ó fi ìwé ìbúra lé e, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí líìgì kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì mi.

Mo bi ọmọ náà pé níbo ló ń gbé gan-an. Ó ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni, nínú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ níhìn-ín l'Ádó, láti ìgbà tó ti wọlé. Mo ní ṣé rìsíìtì rẹ̀ wà. Ó ṣí àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, wọ́n ká wọn sínú ìwé kan, orúkọ rẹ̀ àti òǹtẹ̀ búrúsà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.